Oríkì Jogbo, Ọba Ilẹ̀ Àìkọ́ ní Ugbowo

Ẹ yà fún mi, ẹ̀yin èrò ojú títì Benin sí Èkó. Awakọ̀, ẹ rọra. Oníkẹ̀kẹ́, ẹ dá fèrè dúró. Ẹni ńlá ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì yìí, kò sì yẹ kí a gba iwájú ẹni ńlá kọjá láìkí i.

Jogbo o!
Jogbo, ọba ilẹ̀ àìkọ́.
Baálé ilé tí kò ní òrùlé, olórí ẹbí tí kò ní ìyekan.
Aláṣọ ìyeyè, aṣọ kan ṣoṣo lọ́dọọdún, kò fọ̀ ọ́, kò lọ̀ ọ́, kò yá a fún ẹnikẹ́ni.
A-wọ̀lú-má-kí-baálẹ̀.
A-sùn-mọ́jú-di-onílé.
Ọmọ Mẹ́síkò tí kò san owó ọkọ̀, tó dé Ugbowo, tó ń béèrè ibi tí wọ́n sin ìwọ́ òun sí.
Àlejò tí onílé ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ní kí n kí ọ, kí ẹnu mi má di.

Ta ni kò mọ̀ ọ́ ní Ugbowo? Láti Uselu títí dé Isihor, láti ẹ̀yìn ọgbà Yunifásítì ìlú Benin títí wọ Ekosodin, ibi tí ẹnìkan bá ti ra pulọ́ọ̀tì kan tó sì gbàgbé rẹ̀, ibẹ̀ ni ìtẹ́ rẹ wà. Lánlọ́ọ̀dù to búlọ́ọ̀kù dé orúnkún, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, ó bá tirẹ̀ lọ sí Ítálì. Ìwọ lo bá a kọ́ ilé náà parí. O gbé e ga ju bí ayàwòrán ilé ṣe yà á lọ. O kun yàrá, o kun pálọ̀, o kun ibi tí ìdáná ìbá wà, ìyeyè ni gbogbo rẹ̀. O ò gba owó iṣẹ́, o ò béèrè sìmẹ́ǹtì. Ọjọ́ tí onílé bá ti Ítálì dé, yóò bá ilé ní kíkún, kò sì ní rí ẹnu ọ̀nà.

Ní ọdún 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹdó ṣe òfin láti dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé ẹni. Ọdún kan náà ni Ọba Ewuare Kejì tú àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ká, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ti sọ owó gbígbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́lé di iṣẹ́ òòjọ́. Wọ́n ní kí ajagungbalẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ onílẹ̀. Ìwọ kò kúrò. Òfin dé, o gbọ́, o tún yọ ẹ̀ka sí i.

Jagunjagun tí kò mú ìbọn dání.
Agbalẹ̀-láìní-ìwé, agbalẹ̀-láìsan-owó.
Ẹni tí ọlọ́pàá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tí kò bi í léèrè.
Ní ààfin Ọba Benin, oyè ní ètò: Iyase mọ ìjókòó rẹ̀, Ezomo mọ ìjókòó rẹ̀.
Ìwọ fúnra rẹ lo fi ara rẹ joyè, ìwọ lo dá ara rẹ lọ́lá, ìwọ lo sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ.

Ọmọ ilé ìwé àgbà! Ní 1970 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga yìí sílẹ̀, ó sì di yunifásítì ní 1971. Àwọn ọmọ ènìyàn ń forí bọ ìwé kí wọ́n tó wọ ibẹ̀. Wọ́n ń jókòó ìdánwò JAMB, wọ́n ń gbààwẹ̀, àwọn ìyá wọn ń ta aṣọ. Ìwọ kò kọ orúkọ rẹ sínú fọ́ọ̀mù kankan. O wọlé, o dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì, láti ọdún yìí wá o ò pa iṣẹ́ jẹ rí, o ò sì kọ́ nǹkan kan. Ìforítì rèé o. Àwọn onímọ̀ ewéko wà nínú ọgbà náà, iṣẹ́ wọn ni láti wọ igbó lọ wá ewé tí ó ṣọ̀wọ́n. Àánú wọn ṣe ọ́, o sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má bàa ro wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọba hàn yín dáadáa, kí ẹ má bàa dọ̀bálẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òdòdó ìyeyè pọ̀ nínú koríko Ugbowo, kì í ṣe gbogbo wọn ni ọba.

Bí ẹ bá rí èyí tí ewé rẹ̀ dojú kọ ara wọn ní méjì méjì lórí igi, tí ewé náà kò la ìka, tí ó ní iṣan mẹ́ta tó hàn gbangba, tó sì rí háráhárá bí a bá fọwọ́ kàn án, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yúnyun nìyẹn. Ọmọ ilẹ̀ ni. Ibí ni wọ́n bí i sí, láti ayébáyé ló ti ń bá àwọn baba wa gbé. Bí àdá bá ṣá àgbẹ̀ lóko, yúnyun ni yóò rún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: iṣẹ́ ló ń ṣe! Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣé ọba ni? Ìránṣẹ́ ni yúnyun, kò ga ju àyà ènìyàn lọ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì pariwo.

Bí ẹ bá rí ẹ̀fọ́ yánrin, òdòdó tirẹ̀ náà jẹ́ ìyeyè, ewé rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká. Ẹ̀fọ́ ni. Àwọn ìyá ń já a, wọ́n ń bọ̀ ọ́, wọ́n ń fi ẹ̀gúsí sè é. Ẹni tí a ń fi ẹ̀gúsí sè, kí ni yóò fi adé ṣe? Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, pẹ̀lú ebòlò tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán, pẹ̀lú ewúro inú ọgbà yín, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ olóko tó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ìdílé òṣìṣẹ́ ni, kò sí èyí tí kò wúlò. Ìwọ Jogbo lo gbé ìdílé náà dé ipò ọlá. Ìwọ àti èkejì rẹ tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, àlejò bíi tìrẹ láti Amẹ́ríkà.

Ọba gan-an rèé: kò kúrú. Ó ga ju ènìyàn lọ, mítà méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn ó ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ kì í dojú kọ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ, èyí lọ́tùn-ún, èyí lósì, nítorí pé ọba kò bá ẹnikẹ́ni dọ́gba. Òmíràn la ìka mẹ́ta, òmíràn márùn-ún, òmíràn kò la ìka rárá, lórí igi kan ṣoṣo. Àwọn tí kò mọ ọlá ní kò lè pinnu ewé tó fẹ́ ní. Èmi ní gbogbo ewé ló fẹ́ ní. Rún ewé rẹ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ yóò bá ọ délé, yóò bá ọ jẹun, yóò sì bá ọ sùn.

Ẹ wá wo ọrùn rẹ̀, lábẹ́ òdòdó gan-an. Ọrùn náà wú, ó gùn, ó dán. Ẹ là á: inú rẹ̀ ṣófo.

Ọrùn ìjòyè!
Ọrùn tí ìlẹ̀kẹ̀ yẹ.
Ọrùn-wú-bí-ẹni-tó-ní-nǹkan-sọ.
Ọrùn olóyè tó ń dìde níbi àpèjẹ láti sọ̀rọ̀ wákàtí kan, tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò rántí ohun tó sọ.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo ojú rẹ̀, nítorí ojú náà ni ògo tí ó tóbi jù. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní òdòdó kan yẹn, kì í ṣe ọ̀kan. Àwùjọ ni. Àwọn tó tẹ́ rẹrẹ yíká, tí wọ́n tàn bí iná, máa ń jẹ́ méje sí mẹ́rìnlá. Àwọn kéékèèké tó rún mọ́ra wọn láàárín lé ní ọgọ́rin, wọ́n sì lè ju ọgọ́fà lọ. Àwọn ti àárín ni wọ́n ń so. Oyin àti labalábá ń bá wọn ṣe, wọ́n ń gba ìyẹ̀fun, wọ́n ń di irúgbìn. Àwọn ti iwájú, àwọn tó fẹ̀, àwọn tí kámẹ́rà ń wá, wọn kì í so. Kò sí irúgbìn nínú wọn rí, kò ní sí láé. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó síwájú, kí wọ́n tàn.

Ẹ̀yin aláṣẹ orí tábìlì ọlọ́lá!
Ẹ̀yin a-jókòó-níwájú-má-so.
Ẹ̀yin a-wọ-agbádá-de-àwọn-tó-ń-roko.
Ọgọ́fà ń ṣiṣẹ́, mẹ́rìnlá ń ya fọ́tò.
Bí ètò ìlú ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn, Jogbo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ a na fóònù sí ọ lẹ́bàá títì, fóònù a ní òdòdó oòrùn ni ọ́. O ò já fóònù nírọ́. Ìwà ọmọlúàbí ni. Òdòdó oòrùn gidi, ìbátan rẹ, ń fún ayé ní òróró ìdáná, wọ́n ń gbìn ín lóko lọ súà, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ ní tọ́ọ̀nù. Ìwọ kò fún ẹnikẹ́ni ní òróró. Ojú lo ń fún wọn wò. Àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ ya fọ́tò a já ọ lọ́wọ́ kan, kí wọ́n tó dé ilé o ti rọ. Ọba kì í dúró nínú ife.

Orúkọ rẹ nínú ìwé àwọn onímọ̀ tún fi kún iyì rẹ. Ní 1881, Hemsley, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní Mirasolia diversifolia. Ní 1883, Asa Gray ní Amẹ́ríkà gbé ọ kúrò níbẹ̀, ó fi ọ́ sí ìdílé Tithonia, ibẹ̀ lo sì wà títí di òní. Tithonus tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìdílé náà jẹ́ ọmọ ọba Troy nínú ìtàn àwọn Gíríìkì. Òrìṣà obìnrin tó ni àfẹ̀mọ́júmọ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí ọkùnrin náà má kú láé. Ó gbàgbé láti bẹ̀bẹ̀ kí ó má darúgbó. Tithonus gbó, ó hunjọ, ó súnkì, ohùn rẹ̀ nìkan ló kù tó ń dún ṣáá, ikú kò sì gbà á. Ta ló yẹ kí ó jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ìwọ? Gbogbo wa la ti rí ọ lóṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà ọyẹ́: orí rẹ dúdú, ewé rẹ wọ́, igi rẹ dúró gangan lójú títì bí arúgbó tó kọ̀ láti kúrò lórí àga. Òjò kan rọ̀, o tún padà wá.

Àwọn kan ń bi mí bí a ṣe ń gbin Jogbo. Ìbéèrè yìí ń dùn mí, ó dà bí ẹni pé ọba ń dúró de àṣẹ. Wọ́n gbìn ọ́ rí lóòótọ́. Nítorí ẹwà òdòdó rẹ ni wọ́n ṣe gbé ọ wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, kí o lè dúró lẹ́nu géètì àwọn ọlọ́lá. O dúró níbẹ̀ díẹ̀, o wo òkèèrè, o fo fẹ́ǹsì. Ní 1997, àwọn onímọ̀ kan gbé iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Weed Research lórí bí o ṣe tàn kálẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Ìwé ìròyìn nípa èpò ni, ó ń jáde káàkiri ayé. Yúnyun ló yẹ kó jowú.

Ṣùgbọ́n nítorí àwọn tó ń béèrè, èmi yóò sọ ọ́. Má wú ilẹ̀. Má bu ajílẹ̀. Má bomi rin ín, òjò Benin ju 2,000 mìlímítà lọ lọ́dún, ó tó ọba mu. Ṣe ohun tí ò ń ṣe tẹ́lẹ̀: gbàgbé ilẹ̀ rẹ. Irúgbìn rẹ̀ fúyẹ́, kò tóbi ju ìrẹsì lọ, omi ń gbé e, bàtà ń gbé e, iyanrìn tí típà kó wá ń gbé e. Bí ó bá yọ tí inú bí ọ, yọ àdá. Gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kó o dà sórí ààtàn lẹ́yìn ilé. Igi tútù rẹ̀ yóò ta gbòǹgbò lórí ààtàn, ìdí tí o gé yóò sì yọ ẹ̀ka tuntun. Ìdí kan lo ní lánàá, o ti ní mẹ́fà.

Ẹni tí à ń gé tó ń pọ̀.
Àdá ni bábà rẹ, ààtàn ni ọgbà ìtura rẹ.
A-bínú-gé-e-di-a-bá-a-gbìn-ín.
Gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ gékoríko káàkiri Ugbowo, ìránṣẹ́ rẹ ni wọ́n.

O kò fẹ́ràn àríyànjiyàn pẹ̀lú aládùúgbò, ìdí nìyẹn tí o kì í fi ní aládùúgbò. Bí o bá dé ibì kan, o na ewé, o bo ojú oòrùn. Yúnyun tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ a fà sẹ́yìn, yánrin a funfun, koríko a kú. Àwọn onímọ̀ ti fi omi ewé rẹ dán irúgbìn mìíràn wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀ láti hù dáadáa. Àlàáfíà ni ìwọ ń wá. Ibi tí ẹnìkan ṣoṣo bá wà, níbo ni ìjà yóò ti wá?

Ní ìparí ọdún, nígbà ọdún Igue, àwọn ọ̀dọ́ Benin máa ń gbé ewé ewere láti ilé dé ilé, kí oríire lè wọlé. Ewé pẹ̀lẹ́ ni ewere, ó ń dúró kí ènìyàn gbé òun. Kò sí ẹni tó tíì gbé ewé tìrẹ lọ kí ẹnikẹ́ni, Jogbo, ìwọ kò sì bínú. Kí ó tó di oṣù Ọ̀pẹ ni ìwọ ti gba ilé kiri. Ìwọ lo gbé ara rẹ, ìwọ lo kan ìlẹ̀kùn, ìwọ lo ṣí i, ìwọ lo jókòó.

Kíkorò rẹ ńkọ́? A kì í fojú kéré rẹ̀. Àwọn àgbà ní ó korò bí jogbo, wọn ò ní ó korò bí ewúro, nítorí ewúro ṣeé fọ̀. Àwọn kan ń po ewé rẹ mu fún ibà. Wọn kì í béèrè fún ife kejì. Ilé ìwòsàn ńlá UBTH ti wà ní Ugbowo láti 1973, ìwọ náà sì wà ní ẹ̀bá títì.

Mo fẹ́ dé ibi ọlá rẹ tó jinlẹ̀ jù, kí ẹ̀yin tó ń gbọ́ fara balẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Kenya yẹ ewé rẹ wò lẹ́yìn tí wọ́n gé e. Nínú ewé gbígbẹ, wọ́n rí náítírójìn tó ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, fósífọ́rọ́ọ̀sì 0.37, pọtásíọ̀mù 4.1. Ewé tó ní ọrọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ó ń tètè jẹrà, àgbàdo ń tètè rí i jẹ. Ẹ ò rí i bí? Gbogbo ọdún tó fi dúró lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ọrọ̀ ìlú ló ń kó sí ikùn, ó ń fà á láti inú ilẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀ sára ewé. Kò náwó rẹ̀. Kò jẹ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tó bá kú ni ìlawọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Irú olówó bẹ́ẹ̀ pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n Jogbo nìkan ni mo mọ̀ tí ó ń dá gbogbo rẹ̀ padà.

Jogbo, a-kú-kí-ó-tó-wúlò.
Òkú-iyì, òkú-ọrọ̀.
Ẹni tí ààyè rẹ̀ ń ba oko jẹ́, tí òkú rẹ̀ ń tún oko ṣe.
Ikú rẹ ni àgbàdo fi ń yọ irùngbọ̀n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ugbowo, ẹ̀yin ará Uselu, ẹ̀yin onílẹ̀ tó ti délé àti ẹ̀yin tó ṣì wà ní Ítálì tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nílé, ẹ má jẹ́ kí ọba kú ikú tálákà. Ìsìnkú ọba ló tọ́ sí i, ó sì ní àkókò. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó bí òjò bá ń lọ sópin, ní oṣù Ọ̀wàrà sí Bélú. Ẹ ṣáájú òdòdó náà. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ kí ó tó so. Ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ tó ṣì rọ̀ ni kí ẹ bò mọ́lẹ̀ nínú ebè tí ẹ ó gbin àgbàdo tàbí ẹ̀fọ́ sí. Igi rẹ̀ tó ti le, ẹ sá a sórí sìmẹ́ǹtì nínú oòrùn títí yóò fi gbẹ káká, kí ó má bàa ta gbòǹgbò. Bí ìdí rẹ̀ bá tún rú, ẹ tún bọlá fún un lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ máà jẹ́ kí ó sú yín.

Bí ẹ bá sì rí yúnyun lábẹ́ rẹ̀, tí ewé rẹ̀ dojú kọ ara wọn ní méjì méjì, ẹ gbé àdá kúrò níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó rí oòrùn.